Mo mọ iṣẹ́ mi dunjú, ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe máníjà: ṣé kí n máa polówó ara mi ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Oníṣirò owó ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ n'Íbàdàn, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ipò máníjà ṣí sílẹ̀, wọ́n lọ mú ẹnìkan wá láti ìta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí n gbé orúkọ mi jáde lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi iṣẹ́ wọn han ayé. Ojú ń tì mí, wọn ò fi ìwà ṣekárími tọ́ wa. Ẹnìkan tún ní kí n sanwó, òun á máa bá mi kọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, arábìnrin wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, mo sì lè sọ fún yín pé àwọn tó ń yan máníjà kì í sábà jókòó ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ nípa yín àti ohun tí wọ́n bá kà ni wọ́n fi ń pinnu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà tí kò fẹ́ ṣekárími náà ló pa òwe yẹn.

Kí ẹ tó dé orí LinkedIn rárá, inú ọ́fíìsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìwé kan, ẹ máa kọ ohun tó yí padà torí pé ẹ fọwọ́ kàn án sínú ẹ̀. “Mo ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. “Ìṣirò òpin oṣù tó máa ń gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì ti di ọjọ́ mẹ́fà” sọ̀rọ̀. Tó bá ku díẹ̀ tí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ ọdún wò, ẹ fi ojú ewé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín. Ẹ dárúkọ àwọn tó bá yín ṣe é, kò ní jọ ìfọ́nnu.

LinkedIn wá ńkọ́? Àyè lẹ́tà 220 wà lábẹ́ orúkọ yín. Ọ̀pọ̀ á kọ “Akáúńtáǹtì” síbẹ̀, wọn á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ irú àwọn tí iṣẹ́ yín wúlò fún: oko adìyẹ, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Tí ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì ní Nàìjíríà, bá ti gbà yín wọlé, ẹ fi ACA, oyè tí ọmọ ẹgbẹ́ náà ń lò, sẹ́yìn orúkọ yín. Tí ìdánwò bá ṣì kù, ẹ má dán an wò, torí ó rọrùn láti wádìí. Fọ́tò tó mọ́ ti tó, kò pọn dandan kí ẹ wọ kóòtù, kí ẹ káwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tó fẹ́ bá kámẹ́rà jà.

Ibi tó le jù nìyí: kí lẹ fẹ́ kí wọ́n máa tìtorí ẹ̀ dárúkọ yín? Ẹyọ kan ni kí ẹ mú. Tó bá jẹ́ èmi ni, owó-orí ni màá mú. Òfin owó-orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ariwo WhatsApp sì ti kọ́kọ́ já àwọn èèyàn láyà pé gbogbo owó tó bá wọ báńkì ni ìjọba máa gé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ àwọn ohun tí òfin ní kí wọ́n yọ, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá gbà lọ́dún. Orí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń háyà ilé sì lè yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò, àmọ́ ohun tó máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 lọ. Ẹni tó ń san 600,000 lọ́dún á yọ 120,000.

Ẹ wo bó ṣe kúrú tó! Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ yín máa lò ó, olóko adìyẹ tó ń sanwó oṣù fún òṣìṣẹ́ náà á fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ṣàlàyé irú èyí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́nà tó máa yé ẹni tí kì í ṣe oníṣirò.

Mi ò sì ní kó gbogbo ẹ̀ sórí LinkedIn. Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ olóko tó lè gbé iṣẹ́ fún yín wà, ẹ fi sí status yín. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín ńkọ́? Ìpàdé ICAN n'Íbàdàn ńkọ́? Ẹ tọrọ ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ wọn. Ẹnìkan tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín lè gbẹnu sọ fún yín níbi tí ẹgbẹ̀rún like kò lè dé.

Àmọ́ o, iye tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ yín, oníbàárà tó jẹ gbèsè, fọ́tò ìwé owó oṣù, ẹ má gbé e síta láé, kódà kí ẹ bo orúkọ. Ìlànà iṣẹ́ yín kò gbà á, òfin ìdáàbòbò déétà ti ọdún 2023 sì wà nílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tuntun tó bá rí i á ti mọ̀ pé tòun ló kàn.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ sanwó, ẹ má san. Ohun tí èèyàn bá kọ síta ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹni tí wọ́n bá kọ tiẹ̀ fún kì í pẹ́ hàn. Bí gírámà yín ò tiẹ̀ dán, kò burú. Ẹ ṣáà jẹ́ kí akẹgbẹ́ yín kan yẹ ìṣirò inú ẹ̀ wò kí ẹ tó fi síta.