Ẹ mú oṣù àti etí òkun kí ẹ tó mú erékùṣù

Ẹ kú ètò ìrìn àjò. Ìbéèrè yín ni pé nínú Mauritius, Seychelles, Maldives àti Zanzibar, èwo ló yẹ kí ẹ lọ fún òru méje lóṣù Keje, pẹ̀lú ọmọ méjì tí wọn kò tíì mọ̀wẹ̀. Mauritius ni tèmi, ṣùgbọ́n ìhà ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ nìkan: Flic-en-Flac, tàbí Trou aux Biches lápá àríwá. Bí ẹ bá torí yanrìn funfun inú fọ́tò gba ilé ìtura sí Belle Mare ní ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ lẹ máa fi ọjọ́ méje gbà.

Láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún títí dé oṣù Kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń ti gúúsù ìlà-oòrùn fẹ́ wá sí apá Òkun Íńdíà tí Mauritius àti Seychelles wà. Etí òkun tó bá kọjú sí i ló ń jẹ ìyà rẹ̀: omi á máa ru, koríko òkun á sì wọ́ jọ sórí yanrìn. Etí òkun tó kẹ́yìn sí i á tòrò minimini, lọ́jọ́ kan náà. Ní Seychelles, Beau Vallon ní àríwá Mahé, erékùṣù tó tóbi jù níbẹ̀, máa ń dákẹ́ lóṣù Keje, nígbà tí ìṣàn omi Grand Anse ti La Digue, erékùṣù mìíràn níbẹ̀, lè gbé àgbàlagbà tó mọ̀wẹ̀ dáadáa lọ. Tó bá di oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, àríwá ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ Seychelles á ti máa wá, ọ̀rọ̀ á sì yí padà. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi ń yin erékùṣù kan tí ẹlòmíràn ń bú u, tí kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn.

Àbùkù Mauritius lóṣù Keje ni pé ìgbà òtútù wọn nìyẹn. Omi òkun sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 23°C, àwọn ọmọdé á tètè máa gbọ̀n, nítorí náà ẹ ra aṣọ ìwẹ̀ alápá gígùn fún wọn. Ẹ má kó wọn lọ wẹ̀ ní Le Morne, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Mauritius: ìgbì àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún àwọn tó ń dúró lórí pátákó kí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé máa fà wọ́n sáré lórí omi, kò dára fún ọmọdé.

Ti Zanzibar, omi tó ń fà sẹ́yìn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ní Paje àti Jambiani, òkun lè fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ, pàápàá nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú. Ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà tán lè tó mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Àkókò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú lójoojúmọ́. Ẹni tó bá omi kíkún ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ilẹ̀ gbígbẹ àti àwọn ẹran omi ẹlẹ́gùn-ún ló máa bá ní aago kan náà lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Nungwi àti Kendwa ní àríwá kì í fà tó bẹ́ẹ̀. Ibi yòówù kẹ́ ẹ mú, ẹ ra bàtà rọ́bà tó lè wọ omi.

Maldives rọrùn láti fẹ́ràn, ó sì rọrùn láti ṣìṣirò. Oṣù Keje wà láàárín ìgbà òjò wọn, owó yàrá á sì wálẹ̀. Àmọ́ ẹ̀dínwó tí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fún yín, owó ọkọ̀ láti Malé, olú-ìlú wọn, lọ sí erékùṣù ilé ìtura yín lè fi òsì gbà á padà, torí orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà á lé. Bàlúù tó ń bà sórí omi, tó ń gbé èèyàn lọ sí àwọn erékùṣù tó jìnnà, kì í fò lálẹ́. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ sun Malé, kí òru kan tẹ́ ẹ ti sanwó rẹ̀ ṣòfò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó níbikíbi, ẹ wo etí òkun náà nínú àwòrán sátẹ́láìtì. Ẹ wá ìlà funfun níbi tí ìgbì ti ń fọ́ lára ògiri iyùn, ìyẹn òkìtì líle bí òkúta tó wà lábẹ́ omi. Bí ìlà náà bá jìnnà sí yanrìn, tí omi àárín wọn sì ní àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, omi ibẹ̀ kò jìn. Ṣùgbọ́n ẹ tún wá ibi tí ìlà náà ti já, tí omi ti dúdú: gbogbo omi tí ìgbì dà wọlé, ibẹ̀ ló ń gbà jáde, ó sì ń fa èèyàn lọ. Ilé ìtura tó kọjú sí ojú àlàfo bẹ́ẹ̀ kò bá ọmọ yín mu. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìtura tẹ́ ẹ fẹ́ gbà fún fọ́tò etí òkun wọn nígbà tí omi bá fà tán. Tí wọ́n bá ń yí i mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ má sì pín òru méje sí erékùṣù méjì. Ìdajì ọjọ́ kan ni pípalẹ̀mọ́, dídúró de ọkọ̀ àti gbígba yàrá tuntun máa ń jẹ, ọkọ̀ ojú omi láti Mahé sí Praslin, erékùṣù mìíràn ní Seychelles, sì máa ń mi èèyàn lóṣù Keje débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń bì.