Ṣé ejò ọ̀sìn ni mọ̀nàmọ́ná tí wọ́n kó wá láti Lomé?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ sin mọ̀nàmọ́ná. Mo ti rí ẹnì kan tó ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ó ní oko ọ̀sìn kan ní Lomé ni ejò náà ti jáde nínú ẹyin, kò mọ igbó rí, kò sì lè ní àrùn. Ó ní ti ilẹ̀ wa tún máa ń le ju èyí tí àwọn òyìnbó ń sìn lọ. Ó ní kí n ra oògùn aràn màlúù sílẹ̀. Báwo ni kí n ṣe wọ̀n ọ́n fún ejò náà? Àbúrò ọmọ mi yìí, ọmọ ọdún 2, náà fẹ́ràn ẹranko gan-an.

Ìdáhùn: Ẹ fi ti oògùn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ oko Lomé yìí ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí àìmọye èèyàn ni wọ́n ti fi tàn jẹ.

Oko wà ní Lomé lóòótọ́, ó wà ní orílẹ̀-èdè Benin àti Ghana pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, àwọn ọdẹ a máa wá ihò òkété àti òkìtì ikán kiri. Wọ́n á fi ọkọ́ tú u, wọ́n á fa abo ejò tó lóyún jáde, tàbí èyí tó ti ká yí ẹyin rẹ̀ ká. Inú àpò ni wọ́n ń kó wọn sí lọ bá olóko. Èyí tó lóyún á yé ẹyin sínú àhámọ́, wọ́n á kó ẹyin náà síbi tó móoru, nígbà tó bá tó bí oṣù méjì, ọmọ á yọ. Àwọn ọmọ yìí ni wọ́n ń kó wọ bàálù. Inú igbó ni wọ́n ti lóyún wọn, baba wọn ṣì wà níbẹ̀.

Bí ọdẹ bá kó ẹyin àparò wálé, tó fi í sábẹ́ adìyẹ títí ó fi pa, ṣé àparò ti di adìyẹ nìyẹn?

CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko igbó, mọ ìyàtọ̀ náà. Lórí ìwé àṣẹ wọn, lẹ́tà W ni ti ẹran tí wọ́n mú nínú igbó. R ni ti irú èyí, tí wọ́n kó ẹyin tàbí ọmọ rẹ̀ nínú igbó wá tọ́. C ni ti èyí tí ìyá àti baba rẹ̀ gùn nínú àhámọ́, tí àwọn tó ń sìn ín sì ti ń mú ìran kan jáde lára òmíràn. Ẹ ní kí ẹni tó ń ta ejò náà fi ẹ̀dà ìwé náà hàn yín.

Ní ti pé kò lè ní àrùn: ìyá tí wọ́n wú nínú ihò ń gbé eégbọn àti kòkòrò ara rẹ̀ bọ̀, yàrá kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbé. Ọ̀kan tí wọ́n gbé wá bá mi kò gùn ju ìgúnwọ́ sí ọwọ́ mi lọ. Mo fi aṣọ funfun tútù nù ún láti orí dé ìrù, aṣọ náà sì kún fún nǹkan dúdú wínníwínní tó ń rìn, bíi yòrò ara adìyẹ. Eégbọn kan ti wọ abẹ́ ìpẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀. Kò tíì jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti rà á, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ ṣóńṣó bí òrùlé. Ọ̀rọ̀ eégbọn kì í ṣe kékeré: ní ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de kíkó oríṣi ìjàpá Áfíríkà mẹ́ta wọlé, nítorí eégbọn ara wọn lè gbé àrùn tó ń pa màlúù.

Ti pé ti ilẹ̀ wa le jù, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Irú ejò kan náà ni. Èyí tí wọ́n ń sìn ti mọ àpótí, ó sì ti mọ òkú eku inú yìnyín jẹ láti kékeré.

Oògùn màlúù ńkọ́? Ẹ má ṣe dán an wò. Ivermectin tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn máa ń pa ìjàpá, àṣìṣe díẹ̀ sì lè pa ejò kékeré. Mi ò ní kọ ìwọ̀n oògùn fún ẹran tí mi ò fojú rí. Bí ẹ bá ní ejò, ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ tuntun sínú ike lọ bá dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò nítòsí yín.

Bí ẹ bá máa rà, ọ̀dọ̀ ẹni tó lè fi ìyá àti baba ejò náà hàn yín ni kí ẹ ti rà á, ẹni tó kọ ọjọ́ tó yọ àti ọjọ́ tó jẹun sílẹ̀. Kí ejò náà jẹun lójú yín. Owó rẹ̀ á ju ìyẹn lọ, ẹ san án.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fo ti ọmọ ọdún 2 yẹn. Ejò, ìbáà jẹ́ ti igbó tàbí ti ọ̀sìn, lè gbé kòkòrò salmonella láìṣàárẹ̀, ó sì lè dá ọmọ kékeré dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. Àjọ ìlera CDC ní Amẹ́ríkà sọ pé kò yẹ kí irú ẹran bẹ́ẹ̀ wà nílé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 wà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á rárá. Ẹ dúró ọdún mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n á ti pé 12 nígbà náà, á lè máa fọ àpótí ejò rẹ̀ fúnra rẹ̀.