Bass kò sí láàárín kánáàlì, ẹ̀bá ẹsẹ̀ yín ló wà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Miramar ní gúúsù Florida ni mò ń gbé, kánáàlì kan sì gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń fi ìwọ̀ wá ẹja bass níbẹ̀. Mo lè ju ìdẹ dé àárín omi, nígbà mìíràn ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdìkejì, síbẹ̀ ẹja kan ṣoṣo ni mo ti rí pa. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí kò lè ju nǹkan jìnnà, ti pa mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó dúró sí. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọ̀ bí ìyeyè, ó sì ní àmì bí ẹyinjú nídìí ìrù. Oríire ọmọdé ni mo pè é. Ẹnì kan wá ní kí n ra òróró tí wọ́n ń fi pa ìdẹ lára, pé á fa ẹja wá láti ọ̀nà jíjìn. 30 dọ́là ni ìgò kan. Ṣé kí n rà á, àbí kí n ra ọ̀pá tó gùn ju tèmi lọ? Mi ò tíì gba ìwé àṣẹ, torí mo gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá dúró sórí ilẹ̀ pẹja.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin bàbá ọmọ yìí, ẹ má ra òróró, ẹ má sì ra ọ̀pá. Ìdáhùn ti wà nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ kàn fò ó dá ni. Ọmọ tí kò lè ju ìdẹ jìnnà pa mẹ́rin, ẹ̀yin tí ẹ lè jù ú dé òdìkejì pa ẹyọ kan. Ìyẹn kì í ṣe oríire rárá. Ibi tí ẹja wà ni ọmọ yín ń ju tirẹ̀ sí.

Irú ìbéèrè yìí kì í tán lọ́dọ̀ mi, ohun kan náà ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn: èèyàn gbà pé inú ibú ni ẹja ńlá ń gbé, pé ẹni tó dúró sétí omi gbọ́dọ̀ ju ìdẹ lọ bá a níbẹ̀. Lójú òkun, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kánáàlì gúúsù Florida kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe odò. Ẹ̀rọ ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbẹ́ ẹ kí omi lè fà kúrò lórí ilẹ̀ àbàtà, kí wọ́n lè kọ́lé, kí wọ́n sì lè dáko. Ká ní ẹ lè gbọ́n omi inú rẹ̀ gbẹ, kòtò gígùn kan lẹ máa rí, ògiri òkúta ẹfun lọ́tùn-ún àti lósì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi títì, ẹrẹ̀ sì bò ó. Ní àárín yẹn, kò sí igi, kò sí òkúta, kò sí koríko, kò sí òjìji. Kí ni ẹja wẹ́wẹ́ fẹ́ wá débẹ̀? Tí ẹja wẹ́wẹ́ kò bá sì débẹ̀, kí ni èyí tó ń jẹ wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Etí omi ni oúnjẹ wà. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò igi wà, ibẹ̀ ni ihò inú òkúta wà, òjìji afárá, páìpù tí omi òjò ń gbà wọlé, òpó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, ojú oró àti òṣíbàtà. Ẹja wẹ́wẹ́, edé àti ọmọ àkèré sá pamọ́ síbẹ̀, bass náà sì lúgọ dè wọ́n. Ológbò ni ẹ kà á sí. Kì í lépa ẹran títí. Á dúró jẹ́ẹ́ nínú òjìji, á fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á la ẹnu gbàgà, omi àti ẹran á sì jọ wọlé.

Mo dúró lẹ́yìn igi kan lọ́jọ́ kan létí adágún kékeré kan, mi ò tíì ju ohunkóhun. Ewé òṣíbàtà kan wà níwájú mi, kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ sí ilẹ̀. Mo rí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ pè ní igi: ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú bí ewé àtijọ́, ìlà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sídìí ìrù. Lẹbẹ́ méjì tó wà lẹ́bàá ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń mì, díẹ̀díẹ̀. Lámilámi kan bà sórí ewé náà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fò, ó yí po, ó padà wá fi ìdí tọ́ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé. Ewé yẹn gbọ̀n, omi dún gbì, lámilámi kò sí mọ́, ohun tí mo pè ní igi náà kò sì sí mọ́. Ìgbésẹ̀ méjì sí bàtà mi! Ẹni tó bá ń rìn gìrìgìrì wá sétí omi yẹn láti ju ìdẹ sí àárín, á ti lé ẹja náà lọ kí ìdẹ rẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹ lè ju ìdẹ dé mítà 30, tí ẹja sì wà láàárín mítà 2 sí etí omi. Tí ẹ bá jù ú tààrà sí àárín, mítà 28 ni ìdẹ yín máa fi rìn bọ̀ nínú omi tí kò sẹ́ni nílé. Mítà 2 tó kù, ìgbà yẹn gan-an lọ́wọ́ yín ń yá, ẹ ń ká okùn kíákíá kí ẹ lè tún un jù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọjú sọ́tùn-ún tàbí sósì, tí ẹ jù ú kó máa bá etí omi lọ, mítà 30 náà ni ìdẹ yín á fi kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹja. Ọ̀pá kan náà, apá kan náà, ìdẹ kan náà.

Nítorí náà, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì sún mọ́ omi. Ẹ dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín ṣubú sórí omi. Ẹ kọ́kọ́ ju ìdẹ sí iwájú yín gan-an, ní ìwọ̀nba, lẹ́yìn náà kí ẹ jù ú bá etí omi lọ sí apá kìíní àti apá kejì. Bí ohunkóhun kò bá fọwọ́ kàn án, ẹ rìn síwájú ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tó fìdí kalẹ̀ sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ ń retí kí ẹja wá bá a, bẹ́ẹ̀ bass kì í ṣe àrọ̀ tó ń rìn gbóòórùn kiri.

Ní ti ìdẹ, ekòló rọ́bà tó gùn tó ínṣì 7 ti tó. Ẹ fi òjé kékeré ṣíwájú rẹ̀ lórí okùn, kí ẹ sì tọ́ ẹnu ìwọ̀ padà sínú ara rọ́bà náà kó má baà máa há sí koríko. Okùn tó lè gbé pọ́ùn 12 sí 15 dára fún ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rì, ẹ fà á díẹ̀, ẹ dúró. Ìgbà tó bá ń rì ni bass sábà máa ń gbé e, nítorí náà ojú yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára okùn. Nígbà mìíràn ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ju tọ̀-tọ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ta okùn náà. Nígbà mìíràn, okùn á kàn máa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ká èyí tó dẹ̀ kíákíá, kí ẹ sì gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lú agbára.

Ó nígbà tí àwọn bass máa ń jáde sí gbangba, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Tí wọ́n bá jọ lé ọ̀wọ́ ẹja wẹ́wẹ́ dé ojú omi, ẹ máa rí i tí omi ń hó bí ìkòkò orí iná. Nígbà yẹn, ẹ jù ú síbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ padà sétí.

Ọ̀rọ̀ òróró yìí ló ń bí mi nínú. Ẹni tó sọ fún yín pé á fa bass láti ọ̀nà jíjìn ń parọ́ fún yín. Ojú ni ẹja yìí fi ń ṣọdẹ, àti ìmọ̀lára: ihò wínníwínní kan tò láti orí rẹ̀ dé ìrù, òun ló fi ń mọ̀ bí omi bá mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kódà nínú òkùnkùn. Òun náà ló fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí ilẹ̀. Òróró kì í yọ́ nínú omi, ó ń léfòó ni, òórùn kì í sì í tètè rìn nínú omi tó dúró. Àǹfààní tí mo lè gbà pé ó ní ni pé, bí ẹja bá ti gbé ìdẹ sẹ́nu, adùn rẹ̀ lè mú kó pẹ́ díẹ̀ kó tó tu ú jáde. Àmọ́ ẹja gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu, kò sì lè gbé ohun tó wà ní mítà 28 sí i. Ẹ fi 30 dọ́là yẹn gba ìwé àṣẹ, ẹ ó sì rí ṣéńjì.

Nítorí ẹ nílò ìwé àṣẹ. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó dúró sórí ilẹ̀, omi iyọ̀ ló wà fún, ó sì jẹ́ ti ọmọ ìpínlẹ̀ Florida nìkan. Omi kánáàlì yín kì í ṣe omi iyọ̀. FWC, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko, ń gba 17 dọ́là lọ́dún lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀ fún omi tí kò níyọ̀. Ọmọ yín kò nílò rẹ̀ títí á fi pé ọdún 16. Bass márùn-ún lẹ lè mú lọ sílé lóòjọ́, ẹyọ kan péré nínú wọn ló sì lè gùn tó ínṣì 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin máa ń yí padà, ẹ wo ti ọdún tí ẹ wà kí ẹ tó jáde.

Ẹja aláwọ̀ ìyeyè tí ọmọ yín pa, peacock bass ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ẹbí ẹ̀pìyà ni, kì í ṣe ẹbí bass. Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá. Ìjọba Florida ló dà á sínú kánáàlì ní 1984, kó lè máa jẹ ẹ̀pìyà àti àwọn ẹja àjèjì mìíràn tó ti ń pọ̀ jù. Ọ̀sán lòun ń jẹun, kò sì lè fara da òtútù, ìdí nìyẹn tí kì í fi í lọ jìnnà sí àríwá. Méjì lóòjọ́ ni òfin gbà fún un, ẹyọ kan péré ló sì lè gùn tó ínṣì 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti àkókò, gbogbo èèyàn á ní kí ẹ jí lọ ní ìdájí. Ní kánáàlì, òtítọ́ ni, pàápàá nígbà ooru. Ní adágún kékeré tí koríko kún, ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn yẹn. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀: lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9, ní 30°C kò ju bíi 7.5 lọ. Koríko inú omi náà ń mí ní gbogbo òru, tí kò sì sí oòrùn tó máa mú kó tú ọ́síjìn jáde, nítorí náà ìdájí gan-an ni ọ́síjìn máa ń kéré jù nírú adágún bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yọ ẹnu sókè bí ẹni ń mì afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kìíní sí ìkẹrin, akọ bass máa ń ṣọ́ ẹyin nínú omi tí kò jìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà ni. Tí ẹ bá mú un nígbà yẹn, ẹ dá a padà kíákíá, torí kò ní pẹ́ tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á fi jẹ ẹyin tó fi sílẹ̀. Ẹ rẹ ọwọ́ yín kí ẹ tó dì í mú, kí ẹ má baà nu yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò.

Ẹ máa fún ọmọ jẹ ẹ́? Mi ò lè sọ pé kò séwu. Mẹ́kúrì, irin olóró kan, wà nínú bass ilẹ̀ Everglades, àbàtà ńlá gúúsù Florida, àti kánáàlì tó tan mọ́ ọn, bí ẹja bá sì ṣe tóbi tó, tó sì dàgbà tó ni mẹ́kúrì ara rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ọmọ inú àti ọmọdé ló ń bà lọ́pọlọ jẹ́ jù. Iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Florida ń tẹ ìwé jáde nípa omi kọ̀ọ̀kan àti iye ìgbà tí èèyàn lè jẹ ẹja ibẹ̀. Ẹ wá orúkọ kánáàlì yín nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná. Ní tèmi, bass ńlá kì í wọ ilé mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín, nítorí mo ń sọ fún yín pé kí ẹ máa pẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Ọ̀nì lè wà nínú omi èyíkéyìí níbẹ̀, etí omi kan náà lòun náà ń ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa dúró sẹ́yìn yín, kì í ṣe síwájú. Láti ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó má sún mọ́ omi rárá. Ẹja tí ẹ bá pa, ẹ kó o sínú kúlà. Ẹ má so ó mọ́ okùn kí ẹ jù ú sínú omi lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín. Ẹ má sì da ìfun ẹja síbi tí ọmọ yín tún máa dúró sí lọ́la.