Èmi àti ẹni tí n kò pàdé rí fẹ́ jọ ṣeré ojú ẹsẹ̀: kí ni ká kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Gìtá ni mo ń ta. Wọ́n pè mí síbi eré kan tí èmi àti ẹnì kan tó ń fọn sakisofóònù yóò jọ ṣe fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A ò rí ara wa rí. Àwọn tó pè wá ò fẹ́ orin tí a ti kọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí a dá a lójú ẹsẹ̀. Bóyá la fi máa rí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bára wa sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ pé ó kàwé orin dáadáa, èmi ò sì lè ka nóòtù, etí ni mo fi kọ́ tèmi. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò já mi sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Kí ni ká fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ṣe? Bí mo bá sì sọnù nínú orin ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ti nóòtù tí ẹ ò lè kà yẹn, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni máa gbé síwájú nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Etí ni ẹ̀yin méjèèjì máa lò, ẹ̀yin sì ti ń fi etí ṣiṣẹ́ ọjọ́ ti pẹ́.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ ni pé kí wọ́n fi ẹnu sọ kìkì ohun tí etí ò ní tètè rí yanjú, kí wọ́n fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún etí. Ti ẹnu ò pọ̀: bí ohùn irinṣẹ́ méjèèjì ṣe máa bára mu, ibi tí orin máa fi ṣe ilé, ìyẹn ohùn tí orin á máa padà sí, bí ó ṣe máa yára tó, àti àmì tí ẹ máa fi parí. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn to kọ́ọ̀dù jọ, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn yín á wà lára kọ́ọ̀dù nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ.

Ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ má tíì fi gìtá yín wé tirẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fèrè jáde nínú àpò. Sakisofóònù tó tutù a máa rẹlẹ̀ lóhùn. Bí èémí bá ti ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ohùn rẹ̀ á máa gòkè. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá fi ìwọ̀n Celsius kan péré gbóná sí i, ohùn náà á ga sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ti ààbọ̀ ohùn, ìyẹn àlàfo láti ojú ìtẹ̀ kan sí èkejì lórí okùn gìtá. Okùn gìtá ní tirẹ̀, bí ooru bá mú un, ńṣe ló ń dẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ẹ wá rí i pé lábẹ́ iná ìtàgé, ẹ̀yin méjèèjì á máa jìnnà síra díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kó kọ́kọ́ fọn ọ́n fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun. Kẹ́ ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárín orin àkọ́kọ́ àti èkejì.

Nóòtù A tó ń gbọ̀n nígbà 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ẹ̀rọ ayígìtá orí fóònù máa ń lò. Ìpàdé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí ní 1939, ó sì di ISO 16, ìlànà àjọ tó ń ṣètò ìwọ̀n lágbàáyé, ní 1975. Síbẹ̀, ẹ bi í léèrè, torí àwọn mìíràn ń lo 442. Ẹ ta okùn karùn-ún yín, ìyẹn A, kó fọn A kan náà, kó máa ti ẹnu fèrè sínú tàbí kó máa fà á síta títí ohùn méjèèjì ò fi ní máa gbọ̀n lára ara wọn mọ́.

Níbi A yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ara wọn gbọ́. Ohun tí afọnsakisofóònù ń pè ní A kì í ṣe A orí gìtá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá tẹ́nọ̀, sakisofóònù tó tóbi, ni tàbí áltò, èyí tó kéré sí i. Bí ẹ bá wà ní G, ìka A ni onítẹ́nọ̀ máa fi fọn ọ́n, ìka E sì ni oníáltò máa lò. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìkánjú ẹ̀yìn ìtàgé, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ti yí i padà kó tó dárúkọ ẹ̀ tàbí kò tíì yí i. Ẹ sọ pé “G ti gìtá,” kí òun náà sọ bẹ́ẹ̀ padà fún yín. Ẹ tún jọ ta nóòtù yẹn kan, kó dá yín lójú.

Ibo wá ni kí orin fi ṣe ilé? Àwa tí a ń ta gìtá fẹ́ràn E àti A torí okùn tí a ò tẹ̀ rárá ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Àmọ́ E wa yẹn ni F-ṣáàpù fún onítẹ́nọ̀, tòun ti ṣáàpù mẹ́fà, ìyẹn nóòtù mẹ́fà tí a gbé sókè ní ààbọ̀ ohùn. Ó lè fọn ọ́n, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ á wà lára ìka rẹ̀, kò sì ní ráyè gbọ́ yín. Tó bá jẹ́ tèmi ni, D máínọ̀ ni mo máa mú. Ṣáàpù kan ṣoṣo ló máa bá onítẹ́nọ̀ níbẹ̀, méjì fún oníáltò. Ní ti yín, okùn kẹrin ni D fúnra rẹ̀, okùn karùn-ún sì ni A tó bá a lọ. Ẹ lè fi àwọn okùn méjì yìí dúró gbọin ní gbogbo orin.

Fún orin àkọ́kọ́, ẹ jọ gbà pé d, r, m, s, l nìkan lẹ máa lò. Ẹ fi F ṣe d, kẹ́ ẹ fi l ṣe ilé: D máínọ̀ yẹn náà nìyẹn. Nínú ohùn márùn-ún wọ̀nyí, kò sí èyí tó máa fi bẹ́ẹ̀ bá òmíràn jà. Bí ìka yín bá sì ṣèèṣì tẹ ohùn tí kò sí nínú wọn, ààbọ̀ ohùn kan péré lẹ fi jìnnà sí ọ̀kan tó wà níbẹ̀. Ẹ má sá fún un. Ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ wá rọra yọ̀ sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ á rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ni, ẹnì kejì yín á sì lè mú un kó fi ṣe nǹkan.

Ní ti ìyára, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ka “ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,” torí ọwọ́ yín ni ìdúró orin máa wà. Ẹ mú gbólóhùn kékeré kan tí kò ju báà méjì lọ, ìyẹn kíkà ení dé ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ máa yí i ká. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ló le jù fún àwọn tí ọwọ́ wọn yá, torí ó máa ń ṣe wọ́n bíi pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń ṣe é o. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí ń wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ lé, bí ẹ bá sì ń yí ilẹ̀ padà lábẹ́ rẹ̀, kò ní lè rìn.

Ẹ dúró ní ìwọ̀n mítà méjì síra yín, kẹ́ ẹ kọjú síra díẹ̀. Nǹkan bí mítà 343 ni ìró ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mítà mẹ́wàá bá wà láàárín yín, ìró ẹnì kejì á ti pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí yín, ìyára orin á sì máa falẹ̀. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ súnmọ́ra ni èjìká rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, á mí sínú, èjìká tàbí àyà rẹ̀ á sì gbéra díẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i báyìí, ẹ fi àyè sílẹ̀. Bó bá yọ ẹnu kúrò lára fèrè, tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú àyà, ó ti gbé e fún yín nìyẹn.

Òun gbọ́dọ̀ mí, gìtá kì í mí. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onígìtá ṣe ń ta láìdánudúró títí afọnfèrè fi máa sú. Ẹ máa bá a mí. Nígbà tó bá dákẹ́ láti gba èémí, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú nóòtù méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì ti padà sídìí gbólóhùn yín kó tó tún gbé fèrè sẹ́nu. Òun ló ń lé, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbè. Nígbà tó bá yá, ẹ ó pààrọ̀ àyè, ẹ̀yin á lé, kí òun gbè. Ègbè tó dára ló ń mú kí ẹni tó ń lé ṣe ju bó ti mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí, torí òun gan-an ló máa mú kí ẹnì kejì yín tún fẹ́ bá yín ṣeré.

Ẹ ṣọ́ àárín gìtá yín pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ tẹ́nọ̀ ló mú wá, ohùn rẹ̀ tó kéré jù ń gbọ̀n nígbà bíi 104 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, okùn kẹfà yín sì jẹ́ 82. Agbègbè kan náà lẹ jọ ń gbé. Bó bá wà nísàlẹ̀, ẹ gòkè sórí okùn mẹ́ta tó tín-ín-rín jù. Bó bá gòkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fa okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, méjì ti tó.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn lọ gbọ́. Ní 1992, Ry Cooder, onígìtá ará Amẹ́ríkà, àti Vishwa Mohan Bhatt láti ilẹ̀ Íńdíà, ẹni tó ń ta mohan veena, ìyẹn gìtá tí òun fúnra rẹ̀ tún ṣe, pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Santa Barbara ní California, wọ́n sì gba odidi àwo sílẹ̀. Wọn ò jọ ṣeré rí ṣáájú. Ẹnì kan tó ń lu tabla, ìlù ilẹ̀ Íńdíà, àti ọmọ Cooder ló ń lu ìlù sí i. Àwo náà gba Grammy ní 1994. Àwọn méjèèjì ló ń yọ nǹkan lórí okùn, ohùn wọn sì jọra gan-an. Ẹ gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń fà sẹ́yìn nígbà tí èkejì bá gbé ohùn, àti bí wọn ò ṣe kánjú dá ara wọn lóhùn.

Bí ẹ bá sọnù, ẹ má wá ara yín kiri lórí gìtá. Ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ àfi okùn kẹrin. Ẹ máa ta D yẹn lórí ení nìkan, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Afọnfèrè á padà wálé láìpẹ́, torí gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ń wá ibi tó máa fi àbọ̀ sí. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ tó bà lé D, ẹ tún mú gbólóhùn báà méjì yín. Bó bá jẹ́ òun ló sọnù, ohun kan náà lẹ máa ṣe fún un.

Ẹ má fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe orin kan. Ẹ pín in sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí àkọ́kọ́ kúrú, kí ara yín balẹ̀. Kí èkejì má ní ìyára tí ẹ ń kà rárá, kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kí D àti A máa dún lábẹ́ nígbà tó bá ń fọn ohun tó bá wù ú. Kí òun nìkan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta láìsọ ilé rẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ fi etí wá a rí. Níbẹ̀ ni ẹ̀bùn tiyín máa ti hàn.

Ìparí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé láti sọ, òun ló sì ń dójú tini jù, torí orin tó dára lè máa fà lọ títí á fi sú àwọn tó ń gbọ́. Ẹ gbà pé ẹni tó bá ta gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, tó sì gbójú sókè, ó fẹ́ parí. Èkejì á dára pọ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ó sì jọ bà lé D. Afọnfèrè a máa dijú nígbà mìíràn, ó lè má rí yín. Ẹ má bínú, ẹ má sì já a sílẹ̀. Ẹ padà sí báà méjì yín, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mí, kẹ́ ẹ tún un ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta mìíràn.