Troponin Màmá ga, ṣé òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn ló dí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ ní kòkòrò àrùn gba ojú egbò ẹsẹ̀ wọn wọnú ẹ̀jẹ̀, troponin (pùrótéènì inú ẹran ọkàn) ga nínú ẹ̀jẹ̀, echo (àwòrán ọkàn) sì fi hàn pé ọkàn wọn kò tú ẹ̀jẹ̀ jáde tó bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní àrùn ọkàn rí. Òpó lè dí lóòótọ́; kí wọ́n ṣe ECG (ìdánwò iná mànàmáná ọkàn), kí wọ́n sì tún troponin yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí 3 sí 6. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Bí ara bá ń bá kòkòrò jà, sẹ́ẹ̀lì funfun a máa tú àwọn pùrótéènì kan sínú ẹ̀jẹ̀. TNF àti interleukin-1 wà lára àwọn tó ń da ọkàn láàmú. Ní 1985, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà bu omi ara ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì ọkàn eku nínú abọ́. Ìsúnkì sẹ́ẹ̀lì náà lọ sílẹ̀. Àwọn pùrótéènì náà ń da kàlísíọ̀mù tí ẹran ọkàn fi ń súnkì rú. Ọ̀pọ̀ ẹran náà kò kú, ó rọ ni. Troponin tí ẹ rí, inú rẹ̀ ló ti ń jò jáde.

Nítorí náà, egbò yẹn ni kí ẹ tẹnu mọ́. Láàárín wákàtí 1 ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ áńtíbáyótíìkì, kí oníṣẹ́ abẹ sì gé ẹran tó ti rà kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pùrótéènì náà ò ní yéé jáde. Dírípù àkọ́kọ́ jẹ́ mílílítà 30 fún kílò kan: ẹni kílò 60, lítà 1.8 láàárín wákàtí 3. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn tó ti rọ lè má gbé e, inú ẹ̀dọ̀fóró ni omi ń wọ́ sí. Oògùn noradrenaline ni wọ́n fi ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, kí ìwọ̀n àárín rẹ̀ (MAP) má bọ́ sísàlẹ̀ 65.

Ẹsẹ̀ wíwú nìkan kò tó láti bẹ̀bẹ̀ fún oògùn tó ń múni tọ̀. Albumin tó ń di omi mú nínú òpó ti lọ sílẹ̀, òpó sì ń jò.

Ti ẹ̀jẹ̀ ìdánwò lactate (èròjà tó ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ bí irú àìsàn yìí bá le) tí wọ́n ń gbé láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ sí láàbù Yaba yẹn ń kọ mí lóminú. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá a dúró lórí Carter Bridge, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ìgò á ṣì máa ṣe lactate, èsì á ga lásán. Ìgò olómorí aláwọ̀ eérú ni kí wọ́n lò, kí wọ́n gbé e sórí yìnyín.

Bí àrùn náà bá kásẹ̀ nílẹ̀, ọkàn sábà ń padà sípò láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kí wọ́n tún echo ṣe nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni tó kọ oògùn ọkàn tí Màmá yóò máa lò títí ayé.