Omi kúróòmù tí láìmù ò ràn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀ńjíníà. Bọ́ńpà ọkọ̀ la máa ń pa ní níkẹ́ẹ̀lì àti kúróòmù ní Mushin. Mo ń da láìmù (ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun, kì í ṣe èso) sínú omi tí a fi ṣan irin, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ń lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n omi òkè ṣì pupa rúsúrúsú. Kí ló fà á? Àgbẹ̀ kan tún ní òun á fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà ṣe ajílẹ̀. Ṣé kí n kó o fún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o fún un. Ẹ jẹ́ ká ti orí ìyẹn kúrò ná.

Láìmù yín kò ní àléébù. Kúróòmù 6, oríṣi kúróòmù tó máa ń yọ́ sínú omi, ló pọ́n omi yẹn, òun náà ló ń fa jẹjẹrẹ. Bí ẹ da odindi àpò láìmù sí i, kò ní dì. Ẹ ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di kúróòmù 3, oríṣi tí láìmù lè mú dì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí ẹ fi ásíìdì súfúrìkì díẹ̀díẹ̀ mú pH (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) wálẹ̀ sáàárín 2 sí 3, kí ẹ wá máa bu sodium metabisulphite, kẹ́míkà tó ń sọ kúróòmù 6 di 3, sí i, ẹ máa rò ó. Gíráàmù kúróòmù kan ń jẹ tó bíi gíráàmù 3. Ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀: pupa rúsúrúsú yẹn á di àwọ̀ ewé. Ìgbà yẹn ló kan láìmù. Ẹ gbé pH dé bíi 8.5, kó sùn mọ́jú, omi òkè á tòrò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o, èéfín rẹ̀ máa ń ta èèyàn lọ́fun.

Níkẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ẹ ya táǹkì tirẹ̀ sọ́tọ̀. Bíi pH 10 ló ti ń dì dáadáa, ibẹ̀ sì ni kúróòmù tó ti dì ti lè máa yọ́ padà sómi. Bí ẹ bá sì ń fi ṣáyánáìdì pa bàbà, ásíìdì ò gbọdọ̀ kan omi rẹ̀ láé. Gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń pa èèyàn.

Ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀: irin kì í jẹrà. Ohun tí ẹ yọ nínú omi ló kún inú rẹ̀; bí ilẹ̀ oko bá ní ásíìdì, á yọ́, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ á fà á. Ẹ má sun ún náà, torí iná àti láìmù lè sọ kúróòmù 3 di 6 padà. Ẹ dà á sórí yanrìn tó ní kọnkéré nísàlẹ̀ àti òrùlé lókè, kí ẹ dá omi tó bá ro padà sínú táǹkì. Bó bá gbẹ, ẹ kó o sí dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, kí ẹ sì bi LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ẹni tó ní àṣẹ láti kó o. Owó rẹ̀ máa ń dunni, mi ò ní purọ́. Láti dín in kù, ẹ máa jẹ́ kí bọ́ńpà ro dáadáa lórí táǹkì kúróòmù kí ẹ tó ṣàn án. Èyí tó bá ro padà, ẹ ó tún fi pa bọ́ńpà mìíràn.