Ọmọ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọpo tàbí ibùdó iná: ẹ̀kọ́ wo ló yẹ kó kọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ti ṣe WAEC tán, iṣẹ́ operator, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ, ló sì wà lọ́kàn rẹ̀, yálà ní ilé ìfọpo Dangote tàbí ní ibùdó iná Egbin. Ẹnìkan ní kí n má fi owó ṣòfò lórí poli, pé ìwé ẹ̀rí sáfẹ́tì ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti tó láti fi wọlé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo la ṣe máa dá ilé-ìwé tó mọ̀ ọ́n kọ́ mọ̀? Ìyá kan, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ má tíì san owó ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ ló wúlò fún. Kò lè sọ ọmọ tí kò tan pọ́ǹpù rí di operator. ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní poli, ni kó lọ ṣe. Ọdún méjì ni, oṣù mẹ́rin SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, sì wà nínú rẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún kan lẹ́yìn náà kó tó padà wá ṣe HND, ìwé ẹ̀rí poli tó ga jù ú lọ, fún ọdún méjì. Ẹni tó ní ND lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà, gẹ́gẹ́ bíi technician, ẹni tó ní HND gẹ́gẹ́ bíi technologist. Nínú JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Physics àti Chemistry ni kó mú.

Irú ẹ̀rọ tó fẹ́ dúró tì ló máa sọ ẹ̀ka tó yẹ kó yàn. Ní Egbin, gáàsì ni wọ́n fi ń se omi di sítíìmù, sítíìmù náà ló ń yí tọ́báìnì mẹ́fà, 220 MW lọ́kọ̀ọ̀kan. Mechanical tàbí Electrical Engineering ló bá ibẹ̀ mu. Fún ilé ìfọpo, Chemical Engineering ni, tàbí kó lọ kọ́ ìfọpo àti gáàsì ní PTI, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ epo ní Effurun, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972 nítorí irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ wo àkójọ NBTE, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ poli, dáadáa: ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí, kì í ṣe ilé-ìwé lápapọ̀.

Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fi pọ́ǹpù centrifugal, èyí tí àbẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ (impeller) ń yí láti ti omi, tó sì ní géèjì lẹ́nu àwọlé àti àjáde, hàn yín, kí ẹ sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ta ló ń tan án. Bó bá jẹ́ olùkọ́ nìkan, ẹ wá ibòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ ọ dáadáa yóò kà á fún yín láìwòwé: kó yẹ ọ́ìlì wò, kó ṣí fáàfù àwọlé gbayawu, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti fáàfù àjáde tán, kó tú afẹ́fẹ́ inú pọ́ǹpù jáde títí omi nìkan á fi máa dà, kó tan mọ́tò, kó wá rọra ṣí àjáde. Wọ́n ń ti àjáde kí ẹrù mọ́tò lè fúyẹ́ bó ṣe ń gbéra. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀, torí omi inú rẹ̀ á gbóná. Bí àwọlé bá ṣí ìlàjì, prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ á lọ sílẹ̀ débi pé omi á máa hó láìsí iná. Ìhó wọ̀nyẹn á bẹ́ mọ́ irin impeller, wọ́n á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ óò sì máa gbọ́ ìró bíi pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò dá ìró náà mọ̀ á máa pààrọ̀ bíárìn, bẹ́ẹ̀ lára fáàfù ni àrùn wà.

Ẹ béèrè nípa ẹ̀rọ ìwọ̀n náà. Láti 4 dé 20 mA (milliamp) ni iná tó ń gbé ìwọ̀n lọ sí yàrá ìdarí. Bí ọmọ bá dán an wò ní 0, 25, 50, 75 àti 100 nínú ọgọ́rùn-ún, 4, 8, 12, 16 àti 20 ló yẹ kó rí. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kí waya tó já má baà jọ táǹkì tó ṣófo.

Sáfẹ́tì tòótọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ yìí, ọwọ́ la sì fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ tún mọ́tò ṣe á pa iná rẹ̀, á fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kọ́kọ́rọ́ á wà lápò rẹ̀, á tún tẹ bọ́tìnnì láti rí i pé kò gbéra. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ táǹkì, wọ́n á kọ́kọ́ wọn ọ́síjìn: kò gbọ́dọ̀ dín ní 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ṣáájú torí pé ọ̀pọ̀ mítà tó ń wá gáàsì tó lè gbiná kì í sọ òótọ́ níbi tí ọ́síjìn kò bá tó. Gáàsì tó lè gbiná ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni olóró. Òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, torí hydrogen sulphide, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì olóró náà, wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ.

SIWES ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù. Oṣù mẹ́rin á lọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Bí ilé ìfọpo kò bá gbà á, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò kò jìnnà sí yín, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lo bọ́ílà sì wà ní Ọ̀tà àti Ṣágámù. Bọ́ílà kan tó dúró tì fún oṣù mẹ́rin sàn fún un ju orúkọ ńlá tí kò ti fọwọ́ kan nǹkan kan. Kó máa kọ logbook lójoojúmọ́: ẹ̀rọ wo, iye tí géèjì kà, ohun tó bàjẹ́, ohun tó fà á. Kí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ Form 8 ti ITF, àjọ tó ń darí SIWES, fún un.